Kòkòrò Inú Láptọ́ọ̀pù Màmá

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni irú ìpè yìí sábà máa ń wọlé, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé bá ti ku ọ̀la. "Ọmọ mi, ó jọ pé kọ̀ǹpútà yìí ti kó fáírọ́ọ̀sì o." Ká sọ pé màmá tó ń pe ọmọ rẹ̀ yìí ń gbé ní Ṣangiṣa ní Èkó, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí títì CMD, pé ó ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan, pé ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì sì wà nínú láptọ́ọ̀pù tó jókòó sórí tábìlì ìjẹun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó da ìbéèrè náà sínú fláàṣì, ó gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Kétu kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó padà délé tó ki fláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, gbogbo fódà inú rẹ̀ ti ní ọfà tíńtín kan ní igun ìsàlẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, ó ṣí, kò sì fura. Kí ó tó di ọ̀sán Sátidé, láptọ́ọ̀pù ti ń wọ́ bí ìgbín, fláàṣì kejì tó kì bọ̀ ọ́ náà ti hu ọfà.

Láti Ìkòsí dé Máìlì 12, ilé tí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀. Ọmọ tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa lè pa kòkòrò yẹn láàárín wákàtí díẹ̀. Àmọ́ kòkòrò tí wọ́n pa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lè tún wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé bí ọ̀nà tó gbà wọlé bá ṣì wà ní ṣíṣí, ẹnì kan ṣoṣo tó sì mọ ọ̀nà náà ni màmá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá dójú tì í, kò ní sọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti le ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rò ó lọ.

Fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀mí. Ètò ni, bí ètò tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà tàbí èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ṣe jẹ́ ètò: àṣẹ lórí àṣẹ tí ẹnì kan jókòó kọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ó máa ń bí ara rẹ̀. Á wá ara fáìlì mìíràn lẹ̀ mọ́, á dúró de ìgbà tí wọ́n máa gbé fáìlì yẹn lọ síbòmíràn, tó bá sì débẹ̀, á tún bí òmíràn. Nítorí ìwà yìí ni Fred Cohen, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Southern California, ṣe fi orúkọ kòkòrò àrùn pè é nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1984. Yorùbá tó ń pè é ní kòkòrò kò ṣì í pè.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ìlú Lahore ní Pakistan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, kọ èyí tí wọ́n ń pè ní Brain, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tó jà káàkiri lórí kọ̀ǹpútà irú ti IBM. Wọ́n kọ orúkọ ara wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀ pàápàá. Àlàyé wọn ni pé àwọn fẹ́ dáàbò bo iṣẹ́ àwọn lọ́wọ́ àwọn tó ń dà á kọ láìsanwó. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni Brain ń gbé. Bí ẹnì kan bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà kan, tó yọ ọ́, tó gbé e dé ọ́fíìsì mìíràn, ó ti bá a gbé kòkòrò náà débẹ̀. Dísíkẹ́ẹ̀tì ti kú, ọ̀nà tó là sílẹ̀ kò kú. Fláàṣì ló ń rìn ín báyìí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí fláàṣì ṣe ń rìn, kí ó jókòó ìdajì wákàtí péré nínú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní agbègbè Kétu. Ọmọ tó fẹ́ kọ ìdánwò JAMB á wọlé, á fẹ́ tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Akọ̀wé ìjọ á gbé ètò ìsìn ọjọ́ Ìsinmi dé. Onílé á mú ìwé àdéhùn ilé gbígbé wá, ẹbí olókùú á fẹ́ ṣe ìwé ìkéde, oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Máìlì 12 á fẹ́ ẹ̀dà rìsíìtì. Gbogbo wọn ló ní fláàṣì lọ́wọ́, ojú ihò kan náà sì ni gbogbo fláàṣì wọ̀nyí ń wọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ní kòkòrò nínú láàárọ̀, gbogbo àwọn tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé e relé. Kì í ṣe pé àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí burú. Àwọn gan-an ni kòkòrò ń kọ́kọ́ bù jẹ, wọ́n sì lè pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí ó tún padà wọlé.

Irú èyí tó ń fi ọfà sára fódà ni wọ́n ń pè ní shortcut virus. Bó bá ti dé inú fláàṣì, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó fi gbogbo fódà gidi pamọ́, kó ní kí Windows kà wọ́n mọ́ àwọn nǹkan inú lọ́hùn-ún tí olùlò kì í rí. Lẹ́yìn náà, á gbé ọ̀nà àbùjá kan sí ipò fódà kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, àfi ọfà yẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti pa àṣẹ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmọ̀: pé kí fáìlì kékeré kan tó lúgọ sínú fláàṣì jí kó sì wọ inú kọ̀ǹpútà, àti pé kí fódà tòótọ́ ṣí. Nítorí pé fódà ṣí lóòótọ́, ọkàn ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á balẹ̀. Látọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, fáìlì yẹn á jí pẹ̀lú rẹ̀, á sì máa ṣọ́ ìgbà tí fláàṣì mìíràn máa wọlé.

Nígbà kan rí, kò tiẹ̀ dìgbà tí ènìyàn bá tẹ nǹkan kan. Windows àtijọ́ ní àṣà kan tó ń jẹ́ AutoRun: bí fláàṣì bá ti wọlé báyìí, kọ̀ǹpútà á lọ ka ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ autorun.inf, á sì ṣe ohunkóhun tí ìwé náà bá wí. Èyí wà lára ọ̀nà tí Conficker gbà gbòde láti òpin ọdún 2008, débi pé Microsoft kéde ẹ̀bùn 250,000 dọ́là fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá mú kí ọwọ́ òfin tẹ àwọn tó ṣe é. Windows 7 tó jáde ní ọdún 2009 kò fàyè gba AutoRun fún fláàṣì mọ́, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2011, Microsoft fi àtúnṣe kan náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo XP àti Vista. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ti ní ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ mọ́, ó ku kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Iṣẹ́ tí ọfà ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ṣangiṣa. Ọmọ ti dé, ó ti kúnlẹ̀ kí màmá, wọ́n ti bu omi fún un. Bó bá fi "Màmá, kí lẹ tẹ̀?" bẹ̀rẹ̀, ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Màmá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kò ní jókòó nínú pálọ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó jalè. "N ò tẹ nǹkan kan o" ni ìdáhùn tí ọmọ náà máa gbà, ìdáhùn yẹn kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Wọ́n á máa mí kanlẹ̀, wọ́n á gba máòsì lọ́wọ́ àgbà, wọ́n á tẹ ibí tẹ ọ̀hún kíákíá tí ojú kò lè bá a, wọ́n á ní "ó ti tán." Lọ́sẹ̀ kẹta, àgbà yẹn á tún pè. Tàbí, èyí tó burú jù, kò ní pè mọ́. Á máa fi kọ̀ǹpútà olókùnrùn náà ṣiṣẹ́ báǹkì rẹ̀ lọ.

Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yìí bá kọ̀ǹpútà ilé mu ju bí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti lè rò lọ, nítorí pé fláàṣì màmá ni ọmọ máa yá lọ́la, Wi-Fi kan náà sì ni gbogbo ilé ń lò. Àmọ́ sísọ náà ní ọ̀nà. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rántí, kí lẹ kọ́kọ́ rí tó yàtọ̀?" Bí dókítà ṣe ń bi aláìsàn ni: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo ni fláàṣì dé gbẹ̀yìn, ta ló tún lo láptọ́ọ̀pù náà, ǹjẹ́ wọ́n fi ètò tuntun kankan sí i, ǹjẹ́ wọ́n tẹ nọ́ńbà káàdì tàbí pásíwọ̀ọ̀dù sí ibi tí kò dá wọn lójú.

Ohun tó máa ń jáde lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu. Màmá á dákẹ́ díẹ̀. Á wá sọ pé, "Àbí, ọmọkùnrin kan tiẹ̀ bá mi fi Office sí i lóṣù tó kọjá. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí n pa áńtífáírọ́ọ̀sì ná kí ó lè wọlé." Ó parí! Àwọn ètò tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní crack, sábà máa ń bẹ olùlò pé kó kọ́kọ́ lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó wọlé, òmíràn nínú wọn kì í sì dá wọlé. Ọ̀nà méjì ti hàn báyìí, fláàṣì àti Office ọ̀fẹ́, kí ọmọ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kàn ni íntánẹ́ẹ̀tì: kó pa Wi-Fi, kó pa hotspot orí fóònù. Ètò olè tó wà nínú kọ̀ǹpútà nílò ọ̀nà láti fi ohun tó jí ránṣẹ́, èyí sì dí i. Ohun kejì ni iná. Bátìrì ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà ní Èkó kì í dúró pẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń tún Windows ṣe lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà tó ń rìn tẹ́lẹ̀ lè má dìde mọ́. Nítorí náà, ẹ lo ínfátà tó bá wà, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ tí kò bá sí, tàbí kí ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n pa kòkòrò tó ń rìn nínú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú. Wọ́n á sáré tú fódà tó fara pamọ́ síta, inú wọn á dùn, kí ìṣẹ́jú kan tó pé gbogbo rẹ̀ á tún ti wọlé padà, nítorí pé kòkòrò ṣì jí. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣì lu ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí Task Manager, kí wọ́n wo orúkọ àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Shortcut virus sábà máa ń gun wscript.exe lẹ́yìn, ìyẹn ẹ̀rọ Windows tó ń ka irú fáìlì tó ń parí sí .vbs. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n wá lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Startup, kí wọ́n yọ ohun tí màmá kò mọ̀ rí kúrò nínú àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà jí. Bí kò bá gbà, kí wọ́n tẹ Shift mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ Restart, kí wọ́n gba ibẹ̀ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe láìsí.

Báyìí ni fódà lè jáde. Kí wọ́n ṣí Command Prompt, kí wọ́n kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* síbẹ̀, E dúró fún lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fláàṣì, ó sì lè jẹ́ F tàbí G nílé ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ń wí fún Windows ni pé kó bọ́ aṣọ ìfarapamọ́ kúrò lára gbogbo fáìlì àti fódà tó wà níbẹ̀. Ojú dúdú Command Prompt á dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá ṣí fláàṣì padà, "Primary 3" á ti jókòó sí ipò rẹ̀, ọfà kò sí lára rẹ̀, "Primary 4" á tẹ̀ lé e, títí dé "Primary 6". Màmá tó ti rò pé òun máa tún ìbéèrè gbogbo kíláàsì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ á dìde lórí àga.

Ẹ̀dà iṣẹ́ ló kàn kí wọ́n tó wẹ ẹ̀rọ náà. Ìwé, àwòrán àti PDF nìkan ni kí wọ́n kó. Ohunkóhun tó bá parí sí .exe, .vbs tàbí .lnk, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó kú. Àwọn kan gbà pé wíwẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ìdí tí ẹ̀dà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ni pé láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́ lè jẹ́ èyí tí dísíìkì rẹ̀ ti ń kú lọ, iṣẹ́ wíwẹ̀ tó ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan látòkèdélẹ̀ sì lè jẹ́ wàhálà tó máa pa á. Ìbéèrè ìdánwò ṣeé tún kọ. Àwòrán bàbá tó ti dolóògbé kò ṣeé tún yà.

Wíwẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ná ẹni tó ní Windows 10 tàbí 11 ní kọ́bọ̀. Microsoft Defender ti wà nínú rẹ̀, ó sì ní irú àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ Offline scan, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà tàn, tí á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí, nígbà tí kòkòrò kò tíì ráyè wọ ẹ̀wù. Bíi ìṣẹ́jú 15 ló máa ń gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ ojú kejì, Malwarebytes ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí wọ́n má fi áńtífáírọ́ọ̀sì méjì mẹ́ta síbẹ̀ kí gbogbo wọn máa ṣọ́ ilé kan náà. Wọ́n á máa fura sí ara wọn, láptọ́ọ̀pù á sì túbọ̀ máa fà. Office ọ̀fẹ́ ọjọ́sí náà gbọ́dọ̀ kúrò. LibreOffice wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tòótọ́, tó ń ṣí ìwé Word.

Bí ìpolówó bá tún ń já lu màmá lójú lórí kọ̀ǹpútà, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ kòkòrò. Ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á béèrè bóyá òun lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́, màmá á tẹ Allow kí ohun tó ń dí i lójú lè kúrò, látìgbà náà ni àpótí kékeré á ti máa yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, á máa pariwo pé kòkòrò márùn-ún ti wọlé, ẹ tẹ ibí, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Irọ́ ni. Ojúlé kankan kò lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà onílé. Nínú ètò Chrome tàbí Edge, lábẹ́ Notifications, ni wọ́n ti ń gba àṣẹ yẹn padà lọ́wọ́ ojúlé náà, kí wọ́n sì wo Extensions bákan náà. Ó yẹ kí ọmọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ gidi àti ti irọ́ fún màmá ní Yorùbá, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń pariwo ní pupa ló ń kó àyà àgbà jẹ. Microsoft tiẹ̀ ṣe ojú Yorùbá fún Windows 7. Ó dunni pé àwọn ilé tó mọ̀ pé ó wà kò tó nǹkan.

Nígbà mìíràn, wíwẹ̀ kò ní tó. Kòkòrò bíi Sality, tí wọ́n ti ń rí láti ọdún 2003, máa ń kó wọ ara ètò kan dé òmíràn, tí fáìlì tó mọ́ á fi ṣọ̀wọ́n. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, tàbí bí olè bá ti wà nínú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, kí wọ́n fi Windows tuntun sí i láti inú ètò Media Creation Tool tí Microsoft ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fláàṣì tó tó 8GB, nínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́. Ó máa jẹ détà tó ju 4GB lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fífọ́ọ̀máàtì ni ohun ìkẹyìn. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà, láti ẹ̀gbẹ́ títì títí dé agbègbè Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ló ń fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ nítorí pé kò gba ìrònú, màmá á gba láptọ́ọ̀pù tó ń sáré bí ẹṣin padà, àwòrán ogún ọdún á sì ti lọ. Kí wọ́n tún wo ọjọ́ orí Windows náà. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 7 ní January 14, 2020, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní October 14, 2025. Fún màmá, àlàyé tó yé jù ni pé update jẹ́ àjẹsára. Ẹ̀rọ tí wọn kò fún ní àjẹsára mọ́, gbogbo àrùn tuntun ló máa mú un.

WannaCry fi èyí hàn. Ní March 14, 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe tó lè dí ihò rẹ̀ jáde. Ní May 12 ọdún náà ni kòkòrò ọ̀hún bẹ́ sílẹ̀, tó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, tó sì ń béèrè 300 dọ́là owó ìtúsílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba Britain, níbi tí nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, wà lára àwọn tó fara gbá a, wọ́n dá àwọn aláìsàn padà. Àwọn tó ti gba àtúnṣe oṣù Kẹta kò fara gbá a lọ́nà yẹn. Bí irú rẹ̀ bá ti fáìlì ilé kan pa, kí wọ́n má sanwó kíákíá. Àwọn ọlọ́pàá Netherlands àti Europol pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò dá No More Ransom sílẹ̀ ní ọdún 2016, kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù jù ni kòkòrò tí kì í pariwo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, INTERPOL kéde pé àwọn, ọlọ́pàá Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ Group-IB ti mú afurasí mẹ́ta ní Èkó, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ímeèlì ẹ̀tàn gbé ètò olè 26 ká ayé, Agent Tesla sì wà lára wọn. Àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n dójú sọ tó nǹkan bí 50,000. Iṣẹ́ Agent Tesla ni kó máa kọ gbogbo lẹ́tà tí olùlò bá tẹ̀ sílẹ̀, kó máa ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kó sì kó pásíwọ̀ọ̀dù tó wà ní ìpamọ́ nínú Chrome lọ. Kì í mú kọ̀ǹpútà wọ́, kì í hu ọfà.

Fún ìdí yìí, pípa kòkòrò kò parí ọ̀rọ̀ owó. Lórí fóònù, tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́, ni kí màmá ti pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì, nítorí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àwọn yòókù ń gbà wọlé tí ènìyàn bá gbàgbé wọn. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti báǹkì, kó sì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kejì sórí WhatsApp rẹ̀. Bó bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sí ojúlé tó ń fura sí, kó pe báǹkì lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n dí káàdì náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà dá ẹni tó gbé kòkòrò wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn lẹ́bi. Kò dá ẹni tí wọ́n tàn jẹ lẹ́bi.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, láptọ́ọ̀pù ti mọ́, ọfà ti lọ. Ọmọ lè fẹ́ dìde. Àmọ́ fláàṣì mẹ́rin ló wà nínú ilé yẹn, ọ̀kan lórí fìríìjì, ọ̀kan nínú báàgì màmá, ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò, kò sì tíì sí èyí tí wọ́n yẹ̀ wò nínú wọn. Ọmọ gbé àga súnmọ́ ti màmá, ó fún un ní máòsì, òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. "Ẹ gbé e sórí àwòrán fláàṣì yẹn mà. Ẹ tẹ apá ọ̀tún. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Scan with Microsoft Defender sí." Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣe èyí àkọ́kọ́ tìfura-tìfura, ó ṣe ìkejì, nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹrin kò dúró gbọ́ àlàyé mọ́. Ó mú ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ ní Yorùbá, bó ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn tíṣà rẹ̀.

Wọ́n tún fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ìbéèrè ìdánwò kò ní gun fláàṣì lọ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n á sọ ọ́ di PDF, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á sì ní kó pa ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju fláàṣì lọ, fláàṣì kékeré kan ṣoṣo ni yóò máa jáde nílé, ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ nìkan ni yóò sì wà nínú rẹ̀, wọ́n á fọ́ọ̀máàtì rẹ̀ bó bá ti padà dé kí ó tó kan nǹkan kan. Àwọn ọmọ ilé á ní ààyè tiwọn lórí láptọ́ọ̀pù náà, èyí tí kò lágbára láti fi ètò tuntun sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màmá fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Kétu láti orí àga nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí àwọn tíṣà dé pẹ̀lú máàkì àwọn ọmọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kí òun tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tíṣà Primary 5 rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bọ́ tiẹ̀ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Màmá ṣí ìwé àjákọ rẹ̀ sí ojú ewé tó kọ lálẹ́ àná, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó tẹ apá ọ̀tún máòsì, ó sì dúró. Kòkòrò méjì ló bá níbẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú o, tíṣà," ló sọ, ó fa àga kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó. Ẹ bá mi rántí, ibo lẹ ti lo fláàṣì yìí gbẹ̀yìn?"